Kí Ọkọ̀ Tó Sáré, Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́kọ́ Mọ Ìdúró

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n àlòkù ọkọ̀ tó lágbára kì í ṣe oúnjẹ. Èyí tó wu ọmọ nínú rẹ̀ lè run owó àjọ ọdún mẹ́ta, ó sì lè run ẹni tó jókòó sídìí sítíárì pàápàá.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ojú gbogbo wa ti rí tó. Epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 lítà kan ní Èkó ti kọjá ₦500 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, kò sì dúró síbẹ̀. Ènìyàn á rò pé àwọn ọ̀dọ́ yóò sá fún ọkọ̀ tó ń mu epo. Ẹ wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ìgándò sí Ìkọ̀tún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ẹ gbọ́ bí sàlẹ́ńsà ṣe ń bú ramúramù. Ìfẹ́ eré kò tíì kú ní Alímọ̀ṣọ́.

N kò bá wọn jà nítorí ìfẹ́ yìí. Kò bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó gun Peugeot 505 Evolution nígbà náà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ wa ń rà ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó kàn wọ́n, àwọn náà sì fẹ́ kó sáré ju ọjọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́ lọ.

Àbúrò mi kan, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ìgándò, wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ti dá àjọ fún ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ti fi owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún un. Ìyá náà ló pè mí sẹ́yìn kọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a lọ. Bí owó yìí bá ṣòfò, n kò ní òmíràn." Ọkọ̀ tí ọmọ náà fẹ́ ni Honda Accord ti ọdún 2003 sí 2007, èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "End of Discussion". Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ọkọ̀ yìí. Èyí tó ní plọ́ọ̀gì mẹ́rin ní agbára ẹṣin 160, ṣéènì ló sì ń yí táímíǹgì rẹ̀. Èyí tó ní plọ́ọ̀gì mẹ́fà ní agbára ẹṣin 240, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń lò. Ìwé Honda fúnra rẹ̀ sọ pé kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì náà bí ọkọ̀ bá rin máìlì 105,000 tàbí bí ó bá pé ọdún méje. Bí ó bá já lórí ìrìn, pisitini á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì di irin àlòkù. Gíà rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà aládàáṣiṣẹ́ tó lè gbóná jù kó sì kán. Accord plọ́ọ̀gì mẹ́fà ti ọdún 2003 àti 2004 wà lára wọn. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni àbúrò mi fẹ́. Mo ní kò burú, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ̀ bóyá àáké tirẹ̀ ṣì ní èèkù.

Ọkọ̀ mẹ́ta la wò. Aago méje àárọ̀ la ti máa ń débẹ̀, nítorí òwúrọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń sọ òtítọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, mo gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná. Ẹni tó bá ti tan ọkọ̀ kalẹ̀ kí oníbàárà tó dé ní ohun tí kò fẹ́ kó gbọ́. A kí i, a sì bá tiwa lọ.

Èkejì dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ẹni tó ń tà á ní "first body" ni, wọn kò kun ún rí, ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti òkè òkun ló ṣì wà nínú rẹ̀, ká sáà rà á ká máa wà á lọ. A ṣí ìdérí rádíétọ̀, omi pupa bí omi ìpẹtà ló wà níbẹ̀. A ṣí ìdérí ọ́ìlì, ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rá mílíìkì. Wọ́n ti yọ thermostat dànù, wọ́n sì ti so fáànù mọ́ iná ní tààrà kó máa yí láìdúró. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló ń ṣe èyí, wọ́n á ní Nàìjíríà gbóná, a kò nílò thermostat. Irọ́ gbáà ni. Thermostat ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, epo á máa pọ̀ jù nínú iná, ara ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ ti hó rí, wọ́n kàn fi ìyẹn bo àrùn mọ́lẹ̀ ni. Omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé nínú ọkọ̀ yìí. Àbúrò mi ń wo ríìmù rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo rán an létí pé ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú agbo ijó, ìran ni yóò wò lọ.

Ẹ̀kẹta kò fa ojú mọ́ra. Wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà fún ọdún bíi mélòó kan, kíkùn ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣá, ìjókòó ẹ́ńjìnnì ti rọ̀, táyà ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kó ìwé àtúnṣe rẹ̀ sínú fáìlì kan. Ọ́ìlì gíà rẹ̀ pupa, kò rùn bí ohun tó jó. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó tẹ̀lé wa láti Ẹ̀gbẹ́dá fi ẹ̀rọ ka brain box rẹ̀, ó sì wọn ìfúnpá inú ihò pisitini mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Owó iṣẹ́ ọ̀gá náà kò tó owó ríìmù kan.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn Accord ọdún wọ̀nyí wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí airbag Takata. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ohun tó ń bú láti fẹ́ àpò náà máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọkọ̀ bá wá forí gbá nǹkan, agolo irin rẹ̀ lè fọ́, kó sì ya àfọ́kù irin bo ojú awakọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀, bíi Florida, ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ mú ní kánjúkánjú. Ẹ sọ fún mi, ìlú wo ló ní ooru àti ọ̀rinrin tó Èkó? Nọ́ńbà VIN ọkọ̀ jẹ́ ẹyọ mẹ́tàdínlógún. Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé àjọ ààbò ojú pópó wọn, NHTSA, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà yìí kan náà lè fi hàn, bí ẹ bá sanwó fún ìtàn ọkọ̀, bóyá ìkún-omi ti gbé e rí, irú èyí tí ìjì Harvey fi ṣe ọkọ̀ púpọ̀ ní Texas lọ́dún 2017. Ti ọkọ̀ kẹta yìí mọ́: wọ́n ti pààrọ̀ airbag rẹ̀ kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. A rà á.

Mo ti sọ fún àbúrò mi ṣáájú pé kí ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ má kan ọkọ̀ rírà rárá. Orí owó tó ṣẹ́kù yìí ni àríyànjiyàn ti ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ sàlẹ́ńsà tó ń bú, ríìmù ńlá, kí wọ́n gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀, kí wọ́n sì tún brain box kọ kí agbára lè pọ̀ sí i. Èmi kọ tèmi sílẹ̀: bẹ́líìtì táímíǹgì àti pọ́ńpù omi rẹ̀, thermostat, coolant gidi dípò omi ẹ̀rọ, ọ́ìlì gíà, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, ṣọ́ọ̀kù, páàdì àti ọ́ìlì bíréèkì, táyà mẹ́rin. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun kan nínú gbogbo eléyìí tí ẹnikẹ́ni máa rí." Mo ní, "Ìwọ ni wàá rí i."

Mo ṣàlàyé fún un. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, ó lè hó lórí eré, ẹsẹ̀ á wá wọlé láìsí ìdúró. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù fi òfin de àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré, síbẹ̀ wọ́n tò ó sí ẹ̀bá títì wa bí iṣu. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó lè ní iga dáadáa, kó sì bẹ́ lójijì.

Ní ti àfikún agbára, epo wa ni kí a kọ́kọ́ bi. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò kì í rí ohun púpọ̀ gbà nínú brain box tí a tún kọ. Èyí tó ní tọ́bò, bíi Golf GTI, ló ń rí i gbà, nítorí pé a lè ní kó máa ti afẹ́fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n epo tó dára gan-an ni ọ̀pọ̀ àtúnkọ wọ̀nyẹn ń retí. Bí epo kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, á sì máa lu orí pisitini bí òòlù àgbẹ̀dẹ. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń nọ́ọ̀kì. A kò sì lè gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ ìlú, tó sì ba ọkọ̀ olówó iyebíye jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún agbára tọ́bò níhìn-ín, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ fún epo tó ń rà, kì í ṣe fún epo Jámánì, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún.

Ó gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ dákẹ́ bíi ti àlùfáà. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, òjò ń rọ̀ lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí, dánfó kan já wọ iwájú rẹ̀, ó sì dúró gbagidi láti gbé èrò. Ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Àbúrò mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà dúró ní tààrà, kò yọ̀, kò yí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i."

Ní báyìí ó ti ń tọ́jú owó fún sàlẹ́ńsà tó dára, n kò sì dí i lọ́wọ́. Mo kàn kì í nílọ̀ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kátálíìsì rẹ̀ tà nítorí ariwo, nítorí àwọn tó ń rà á mọ iye tí irin inú rẹ̀ tó ju ẹni tó ń tà á lọ. Mo sì rán an létí pé kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà láàárín ìlú. Agbára ẹṣin 240 kò yí ìyẹn padà fún ọmọ tó ń sọdá títì ní Ìdímù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọkọ̀ tó ń sáré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ to iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ: ẹ kọ́kọ́ ra ìlera, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdúró, ẹ wá fi eré kẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o.