Gbàǹjo

Ìyá mi mú táìlì náà lọ́wọ́, ó fi èékánná họ ojú rẹ̀, ó sì yí i padà wo ẹ̀yìn, bí ó ṣe máa ń yí àǹkárá padà nígbà tó ń tajà ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn. "Èyí kò yọ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò béèrè: "Àjàní, kí ló ṣe é tí wọ́n fi ń tà á ní iye yìí? Ṣé kò lábùkù ṣá?"

Houston la wà, ní ìpínlẹ̀ Texas, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìtajà ńláńlá tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Ìyá mi wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀ ní balùwẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó rí béésìnì ìfọwọ́ dì mú. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Mo pinnu pé ilẹ̀ balùwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà kí ìyá mi tó padà sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ tuntun ti gba owó ọwọ́ wa tán.

Ìdí nìyí tí a fi lọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kó ọjà tí wọ́n fẹ́ lé lọ sí. Ìwé yẹ́lò pélébé ló wà lára páálí táìlì náà. Páálí kan tó jẹ́ dọ́là 36 tẹ́lẹ̀ ti di dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 3. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí irú ọjà yìí a máa wo sẹ́ǹtì tó gbẹ̀yìn iye owó. Wọ́n ní bí ó bá parí sí 6, ó ṣeé ṣe kó tún wálẹ̀. Bí ó bá ti di 3, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi kó o kúrò nílẹ̀. N kò rí ilé ìtajà kankan tó kọ ọ́ sára ògiri pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ mo ti fojú ara mi rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Iye owó ṣọ́ọ̀bù kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì, bí orúkọ kan náà tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn méjèèjì.

Mo dá ìyá mi lóhùn pé kì í ṣe àbùkù, ààyè ni kò sí. Ẹ wo Home Depot, tí Bernie Marcus àti Arthur Blank dá sílẹ̀ ní Atlanta lọ́dún 1978. Ṣọ́ọ̀bù wọn kan lè fẹ̀ ju 100,000 ẹsẹ̀ níbùú lóròó lọ, irú ọjà tó sì ń wọ inú rẹ̀ lọ́dún máa ń tó 30,000 sí 40,000. Síbẹ̀, pẹpẹ kì í ṣófo. Bí táìlì tuntun bá dé, èyí tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde fún un. Iná Kérésìmesì kì í níyì mọ́ bí oṣù kìíní bá ti wọlé. Bí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ààrò tí a fi ń yan ẹran àti àga ìta á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lówó.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Àṣé Gbági náà ni!" Ó ní aṣọ tó bá kù lẹ́yìn ọdún Iléyá, owó ló há sínú rẹ̀. Ẹni tó bá dì í mú, tó ní òun kò lè pàdánù, owó náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, aṣọ tuntun á sì kọjá lójú rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe máa ń kó tirẹ̀ síta ní gbàǹjo, kódà bí kò bá pé iye tó fi rà á, kó lè rí owó ra èyí tó wà lóde. Ó ti lé lógún ọdún sẹ́yìn tí mo máa ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà èwe, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni gbàǹjo ṣe mí lóore. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, mo ra fáànù òkè mẹ́rin nígbà tí ooru lọ, dọ́là 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólíìtì 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Wọ́n kọ ọ́ sára fáànù náà, èmi ni n kò kà á, nítorí pé owó tó wálẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Èyí tí oníná kọ́kọ́ gbé kọ́ ni èéfín yọ lára rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ìyá mi ti san owó iṣẹ́ fún un. Ó dùn mí gan-an, nítorí fáànù tó dára ni. Àyè rẹ̀ ni kò sí nílé wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìwọ̀n ilé sínú ìwé kékeré kí n tó jáde. Balùwẹ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ 5 sí 8. Ogún táìlì ni yóò bo ilẹ̀ rẹ̀, a sì nílò méjì sí i fún èyí tí a óò gé. Páálí mẹ́ta péré ló kù, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi tú wọn, ó kà wọ́n sórí ilẹ̀ bí ẹni ń ka ìró aṣọ. Méjì ti fọ́. Méjìlélógún ló kù.

Ó ní bó bá di ti àwọ̀, òun kò gba iná òkè ṣọ́ọ̀bù yẹn gbọ́. Ó fọwọ́ bẹ òṣìṣẹ́ kan, ìyẹn sì jẹ́ kí a mú táìlì kan láti inú páálí kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta òdòdó, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Wò ó, méjì yìí jọ wá láti inú ìkòkò aró kan. Ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn." Mo yí páálí wò, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí àwọn táìlì tí wọ́n jọ sun pọ̀ nínú iná. Páálí méjì bára mu. Nọ́ńbà ẹ̀kẹta yàtọ̀.

Mo ti fẹ́ dá páálí kẹta náà padà. Ìyá mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wà, abẹ́ béésìnì sì wà.

Ibẹ̀ náà la tẹ́ táìlì inú rẹ̀ sí. A fi àfọ́kù méjì náà yí ẹsẹ̀ páìpù ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìyá mi fi wẹ̀ lórí ilẹ̀ tuntun náà kó tó padà sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀ mọ́. Táìlì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ó wà nínú gáréèjì wa, mo sì ti kọ nọ́ńbà páálí sí ẹ̀yìn rẹ̀.