Kẹ̀kẹ́ Ológeere, Ìpàdé Ẹgbẹ́ àti Àwọn Ọ̀dọ́ Ìkòròdú òun Ẹ̀pẹ́

Fífi kẹ̀kẹ́ ológeere tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà ni kí àgbà tó mọṣẹ́ kó àwọn ọmọ ọdún bíi méjìlá sí méjìdínlógún jọ, kí ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tò ó padà, títí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi gun èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lọ sílé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ayé ń rí. Ohun tó ń ṣe ọmọ láǹfààní jù ni wákàtí tí òun àti àgbà náà jọ ń lò nídìí ṣéènì àti táyà, níbi tí ọ̀rọ̀ ilé, ti ilé-ìwé àti ti ọjọ́ iwájú ti ń jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìídì dá a sílẹ̀.

Ní Boston ní Amẹ́ríkà, àjọ Bikes Not Bombs wà lára àwọn tó sọ irú ẹ̀kọ́ yìí di ètò tí ìlú mìíràn ń wò kọ́ṣe. Ọdún 1984 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ogun ń jà ní Nicaragua tí ìjọba Amẹ́ríkà sì wà lẹ́yìn àwọn ọlọ̀tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àlòkù ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ àdúgbò tiwọn náà. Ọmọ tó bá wá kì í san owó kẹ̀kẹ́: òógùn rẹ̀ ló fi ń rà á. Yóò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túúbù tó jò, bí wọ́n ṣe ń na ríìmù tó tẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe búréèkì kí ó lè mú. Àwọn tó bá já fáfá nínú wọn a máa padà wá di olùkọ́ tí ń gbowó.

Ní Ghana, láti 1999, Village Bicycle Project gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kì í pín kẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá jókòó kọ́ àtúnṣe fún ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ fún ní ìdajì owó, wọ́n sì ń ta irinṣẹ́ ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń fi àtúnṣe jẹun. Ẹni tó bá rò pé ahun ni wọ́n, kò tíì rí kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́ tí táyà rẹ̀ jò, tó sì ti wà lẹ́yìnkùlé láti oṣù kẹta.

Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kéré. Ní Bihar, ní Íńdíà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án lówó kẹ̀kẹ́ ní 2006. Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé iye ọmọbìnrin tó ń wọ ilé-ìwé girama fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní Zambia, World Bicycle Relief, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 lẹ́yìn tí omi Òkun Íńdíà ya wọ ọ̀pọ̀ ìlú, ń fún àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà sí ilé-ìwé ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dán an wò láàárín àwọn ọmọbìnrin tí ọ̀nà wọn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, pípẹ́ dé ilé-ìwé dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọjọ́ tí wọ́n ń pa ilé-ìwé jẹ sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín kù. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Òbí àti olùkọ́ jọ wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó o, wọ́n kọ́ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe sí àyíká, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu ẹ̀kọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó di tirẹ̀ pátápátá.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú lè ṣe. Rotary, tí agbẹjọ́rò Paul Harris àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá sílẹ̀ ní Chicago ní 23 oṣù Kejì 1905, dé Nàìjíríà ní 1961. Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò tó fi Kánò ṣe ibùgbé, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ rẹ̀ lágbàáyé, ní 2003. Ìpàdé ni ọkàn ẹgbẹ́ náà. Agogo ni wọ́n fi ń ṣí i, wọn a ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor kọ ní 1932, tó dá lórí òtítọ́, ẹ̀tọ́, ìrẹ́pọ̀ àti àǹfààní gbogbo ènìyàn. Àlejò yóò sọ̀rọ̀, wọn a bu owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ dé tàbí ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù, ẹ̀rín a sọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti gbà kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí kì í hàn níbi àpèjẹ. Ní 1 oṣù Keje ọdọọdún ni ààrẹ tuntun ń gorí àlééfà, tòun ti ètò tirẹ̀. Kànga tí ààrẹ àná gbẹ́ yóò dúró síbi tó wà. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ kò ní dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi tọ́ kí ètò kẹ̀kẹ́ fẹ̀yìn ti Interact, ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18, nítorí inú ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbé, olùkọ́ kan náà sì lè wà nídìí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Rotaract, ti 1968, ni ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, wọ́n sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún àwọn àbúrò.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò ṣàjèjì sí ìjókòó ẹgbẹ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ìlú méjèèjì bá tan, ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, níbi tí àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan ti jọ ń rìn láti ìgbà èwe títí dọjọ́ ogbó. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà wà: ọ̀gá, ọmọ-iṣẹ́, ìwé àdéhùn, àti ọjọ́ frídọ́ọ̀mù tí ẹbí ń pé jọ tí ọ̀gá ń gbàdúrà lé irinṣẹ́. NDE, àjọ ìpèsè iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ohun tí Boston ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ti wà lábẹ́ àtíbàbà létí ọ̀nà níhìn-ín. Ohun tó kù ni kí ọ̀gá gbà kí ọmọ ilé-ìwé máa wá lọ́jọ́ Sátidé nìkan, láìsọ ọ́ di ẹni tí ń pọnmi tí ń gbálẹ̀ fún un.

Ojú ọ̀nà ló le jù. Láti Ìkòròdú sí Ṣágámù, ọkọ̀ àjàgbé ló ni títì. Lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ti dá kún un. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀nà abúlé tó yà láti títì Ìtóìkín sí Agbówà àti Èjìnrìn dára jù, níbẹ̀ náà sì ni ìrìn sí ilé-ìwé ti lè jìn. Ìdíje tún wà: òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2022 tó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà kò kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, owó kíákíá tó wà nídìí ọ̀kadà sì ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Lójú wọn, kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ ti òtòṣì, bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tí tíṣà, akọ̀wé àti katikíìsì ń fi kẹ̀kẹ́ Raleigh ṣe fáàrí.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọ ilé-ìwé ní ìlú méjèèjì yóò kọ lẹ́tà méjì, nítorí abẹ́ Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ (Education District) Kejì ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni Ìkòròdú wà, Ẹ̀pẹ́ sì wà ní Ìkẹta.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní London tàbí Houston, kẹ̀kẹ́ àlòkù rọrùn láti kó jọ, ẹrù rẹ̀ sì máa ń dára nínú fọ́tò. Ìṣòro ni pé orí-ò-jorí ni: gíá oríṣiríṣi, táyà tí wíwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í bá ohun tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ń tà mu. Ìdí nìyí tí World Bicycle Relief fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ irú kan ṣoṣo, Buffalo, irin tó nípọn tó lè gbé 100 kìlógíráàmù, kí ẹ̀yà ara ọ̀kan lè wọ òmíràn. Àwọn tó bá máa fi àlòkù ránṣẹ́ lè ṣa irú kan náà, kí wọ́n fi túúbù, pọ́ǹpù, sípánà, akoto àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ fíríwíìlì sínú kọ̀ǹténà kan náà. Ó tún yẹ kí wọ́n ya owó oṣù atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan sọ́tọ̀ fún ọdún méjì, kí wọ́n tó san owó ọkọ̀ ojú omi.