Ìpáàrà Ara Àlìkámà: Láti Treichville Dé Plateau

Ọkọ̀ ojú omi SOTRA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò Abidjan, ni mo wọ̀ láti Treichville lọ sí Plateau. Ọ̀sà Ébrié ló pín àdúgbò méjèèjì níyà. Ìyá oníṣòwò kan láti Èjìgbò jókòó tì mí. Àwọn ará Èjìgbò ti pọ̀ ní Abidjan tipẹ́, Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo ń wá lọ sí Plateau?"

"Ọ̀rọ̀ àlìkámà ni, mà."

"Àlìkámà kẹ̀? Ta ló ń gbìn ín níbí?"

Òótọ́ ni màmá sọ. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé àlìkámà wọ Abidjan. Síbẹ̀, bí a ṣe gúnlẹ̀ báyìí, ọmọbìnrin kan ń la búrẹ́dì gígùn lágbedeméjì, ó ń fi bọ́tà pa á, ó ń ki ẹyin díndín sí i, àwọn òṣìṣẹ́ sì tò síwájú rẹ̀.

Plateau ni olú ilé iṣẹ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà. Wàhálà ìlú lé e lọ sí Tunis ní 2003, ó sì padà wálé ní 2014. Owó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn TAAT, ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ń darí. Ètò yìí ń pín irúgbìn àlìkámà tó lè fara da ooru ní Ethiopia, Sudan àti Nàìjíríà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́ ni ọ̀tá àlìkámà.

Èbu kan wà tó máa ń bo pòròpórò rẹ̀ bí ìpáàrà ṣe ń bo irin. Lẹ́búlẹ́bú pupa ni, atẹ́gùn ló sì ń gbé e kiri. Ní 1998, ẹ̀yà rẹ̀ tuntun yọjú ní Uganda, èyí tí wọ́n wá sọ ní Ug99. Ó borí Sr31, jíìnì tí ọ̀pọ̀ àlìkámà ayé gbójú lé láti dènà àrùn yìí. Ó kọjá Òkun Pupa dé Yemen, ó sì dé Iran ní 2007.

Àgbẹ̀ Ethiopia gbin irúgbìn Digalu, tí Ug99 kò lè rí gbé ṣe. Ní ìparí 2013, ẹ̀yà mìíràn dé sí Bale àti Arsi, ó sì ba oko jẹ́ lọ súà. Jíìnì kan ṣoṣo, SrTmp, ni Digalu fẹ̀yìn tì, ẹ̀yà tuntun yìí sì mọ ọ̀nà gbà á kọjá.

Báwo ni a ṣe ń mọ irúgbìn tó lágbára? Ní Njoro, ní Kenya, wọ́n ń gbin irúgbìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n á fi àlìkámà tí àrùn tètè ń mú yí wọn ká, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún èbu náà sí i lára. Tó bá yá, wọ́n á máa wo pòròpórò ní poro-poro: báwo ni ìpáàrà ṣe gbilẹ̀ tó? Nínú ilé onígíláàsì, ewé ọ̀gbìn kékeré ni wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti fi èbu sí i lára. Àmì funfun bíńtín fi hàn pé ewé náà fúnra rẹ̀ pa ibi tí èbu balẹ̀ sí, ebi sì pa èbu. Bí awọ ewé bá ya, tí lẹ́búlẹ́bú pupa tú síta, irúgbìn náà ti kùnà nìyẹn.

Àwọn jíìnì kan kì í dá àrùn dúró pátápátá, wọ́n kàn ń fà á lẹ́sẹ̀ ni. Irú wọn ni Sr2 àti Lr34. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń kó irú wọn bíi mélòó kan jọ sínú irúgbìn kan. Ìyẹn ló ń pẹ́ lóko.

Ẹ̀yin tí àpò owó Áfíríkà wà lọ́wọ́ yín ní Plateau, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya owó àyẹ̀wò ìpáàrà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn àgbẹ̀ Kano àti Jigawa lè mọ irúgbìn tó lágbára kí ẹ̀yà tuntun tó dé bá wọn.