Ọ̀rọ̀ Wà Nídìí Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Èmi kì í mutí o! Àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ló gbé mi dé ilé ọtí. Nígbà tí mo sọ ní kíláàsì pé mo fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń pọntí, ẹnì kan rẹ́rìn-ín pé, "Yorùbá wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Láti Adó, a gba Ìyìn àti Arámọ̀kọ kọjá kí a tó wọ Iléṣà, níbi tí International Breweries wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971, ọtí Trophy sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní 1978.

Àwọn àgbá irin ibẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ọkà tí wọ́n ti rẹ, tó ti hù, tó sì ti gbẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú hops, òdòdó tó ń mú bíà korò. Bó bá tutù, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i, ìyẹn á sì sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí.

Ìyá àgbà mi ní Ìyìn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pọn nígbà tí ara ṣì le. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á fi ewé bò ó títí á fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọn kì í ra ìwúkàrà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò àná ló ń mú tòní kan. Ìwúkàrà gan-an, ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì ni: ohun tó ń mú àkàrà wú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ti ọlọ́tí.

Kódà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ọtí Nàìjíríà sá tọ̀. Ọkà àwọn ìyá wa ló gbà wọ́n.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ni ín ló ń darúgbó. Ìyá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn nínú ẹbí wa. Mo ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló ń rẹ aró, ta ló ń mọ ìkòkò, ta ló ń rọ ọkọ́ nílé yín? Ẹ tètè lọ bi wọ́n.