Àwọn Àgbà Tí Ń Díje Nínú Omi

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó dá mi lójú pé òmùwẹ̀ pọ̀ nínú yín. Ọmọ tí a bí sí etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, kí ó tó mọ ọ̀nà oko ni ó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rí. Apẹja ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ ni a ń bá lọ sínú omi. Bí ọkùnrin bá ti di àgbà, tí kò lè da àwọ̀n mọ́, a ó ní kí ó jókòó sí abẹ́ igi. Bí ẹnì kan bá rí arúgbó tí ó ń lúwẹ̀ẹ́, yóò sáré lọ gbà á là. Yóò rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ni ó dojú dé!

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kan ń ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ń díje nínú omi.

Ní ìlú Amarillo, ní Texas ní Amẹ́ríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1970, àwọn àgbà kan kóra jọ, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ láti mọ ẹni tí yóò yára jù. Dókítà kan wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ransom Arthur ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbà pé bí àgbà bá ní ìdíje tí ó ń retí, kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1986, a ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún wọn ní ìlú Tokyo, ní Jàpáànù. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso rẹ̀ ń jẹ́ FINA nígbà náà. World Aquatics ni a ń pè é báyìí.

Bí wọ́n ti pín àwọn ènìyàn ni ó wù mí jù. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni 70 ọdún bá ẹni 30 ọdún du ipò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín wọn. Láti 25 dé 29, ẹgbẹ́ kan ni. Láti 30 dé 34, ẹgbẹ́ mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kà á lọ títí a ó fi dé 100 sí 104, kò sì tán síbẹ̀. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn 10 tí ó yára jù ní gbogbo ayé sílẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ẹni 80 ọdún lè ṣí ìwé náà, kí ó rí i pé òun ni ẹnì kẹrin láàrin àwọn ẹgbẹ́ òun ní gbogbo ayé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni 69 ọdún ni àgbà nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ẹni 65 lè máa fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé 70, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ tuntun, òun ni ó wá di ọmọdé ibẹ̀. Nítorí náà inú wọn máa ń dùn bí ọdún bá gorí ọdún. Èmi kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Mieko Nagaoka ni orúkọ rẹ̀, ará Jàpáànù ni. Ọdún 1914 ni a bí i. Orúnkún ń dùn ún. Omi a máa gbé ara fúyẹ́, kì í jẹ́ kí ara wúwo lé orúnkún. Nítorí èyí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìgbà tí ó ti pé 80 ọdún. Ní ọdún 2015, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 100 ọdún, ó lúwẹ̀ẹ́ 1500 mítà ní ìlú Matsuyama. Gígùn adágún tí a kọ́ náà jẹ́ 25 mítà, nítorí náà ìgbà 60 ni ó là á já. Ó dojú sókè, ó fi ẹ̀yìn lé omi, ó ń fi ọwọ́ wà á lọ díẹ̀díẹ̀. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54 ni ó lò. Kò sí ẹni 100 ọdún tí ó ti ṣe é rí.

Ẹ ó bi mí pé, «Ta ni ó bá a díje?» Kò sí ẹnì kankan. Òun nìkan ni ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Òun ni ó ṣíwájú, òun náà ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ó kú, ó jẹ́ ẹni 108 ọdún.

Wàyí o, kí ẹnikẹ́ni tó lè wọ ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ọdún tí a bí i. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún ìdíje ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kàn mí.

Kí n tó wá sí kíláàsì, ẹlòmíràn ni ó máa ń ka ìwé mi fún mi. Nígbà tí mo kà á fúnra mi, mo rí ọ̀rọ̀ kékeré kan níwájú ọdún ìbí mi: «vers 1956». Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Ó ní èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ní nǹkan bí ọdún 1956». Ẹni tí ó kọ ọ́ wo ojú mi, ó sì fojú díwọ̀n rẹ̀.

Mo lọ bá àbúrò ìyá mi.

«Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ọdún wo ni wọ́n bí mi?»

«Èmi kò mọ ọdún, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a gba òmìnira, ìwọ náà ń bá wọn kọrin. Eyín iwájú rẹ méjèèjì ti yọ kúrò. Atẹ́gùn ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ!»

Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Dahomey gba òmìnira. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ yọ yóò tó ẹni ọdún 6 tàbí 7. Mo mú kálámù, mo yọ ọ́: 1953 tàbí 1954. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé mo díje ní ọdún 2025, ìwé mi yóò sọ pé mo jẹ́ ẹni 69 ọdún, yóò fi mí sínú ẹgbẹ́ 65 sí 69. Ìyá yóò sọ pé mo ti lé ní 70. Ẹgbẹ́ mìíràn pátápátá ni.

Èmi kò lọ sí ìdíje kankan. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ̀rọ̀ Ìyá sínú ìwé mi, mo kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí i, kí àwọn ọmọ mi lè rí i kà. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo béèrè ọdún tirẹ̀. Ó ní ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí òun. A ṣì ń wá ọdún náà.