Níbi Tí Omi Ti Ń Mọ Ògiri

Láti ìlú Denizli, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì, ni èmi àti àbúrò mi ti wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Pamukkale. A kò tíì dé ibẹ̀ tí a ti ń rí òkè náà lókèèrè, tó funfun láúláú. Ní ẹsẹ̀ òkè, aṣọ́nà ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà. Ọkùnrin kan fẹ́ dọ́gbọ́n wọ tirẹ̀ gòkè. Kò rìn jìnnà tí fèrè fi dún lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń rọ̀ kó tó le, bàtà á sì fọ́ ọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn gba ọrùn ẹsẹ̀ wa kọjá. Ilẹ̀ náà kò yọ̀ rárá. Ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀, ó sì ń gún àtẹ́lẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi Ìkògòsí ní Èkìtì náà gbóná. Kí ló dé tí tiwa kò ṣe báyìí?"

Ohun tí omi bá pàdé lábẹ́ ilẹ̀ ló fà á. Quartzite, òkúta líle tí omi kì í rí jẹ bọ̀rọ̀, ni omi Ìkògòsí ń gbà jáde. Ní Pamukkale, òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè máa ń gba ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán wọlẹ̀ lọ, ooru ìsàlẹ̀ á mú un gbóná, gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì á sì wọ inú rẹ̀. Gáàsì yìí ló ń mú kí omi náà kan díẹ̀, tó fi lè jẹ òkúta ẹfun àti mábù. Kálísíọ̀mù inú òkúta á yòrò sínú omi, ojú kò ní rí i. Nígbà tí omi bá ń bọ̀ lókè, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á dín kù, gáàsì á máa sá jáde bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà. Gáàsì lọ tán, omi kò lè ru ẹrù rẹ̀ mọ́: ó di òkúta travertine. Ooru nìkan kò tó. Gáàsì tó lọ ló ń sọ ẹrù omi di òkúta.

Nígbà tí a dé òkè, a fojú ara wa rí i. Omi ojúsun, tó gbóná tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mọ́ gaara. Bó ti ń ṣàn lọ ni ilẹ̀ rẹ̀ ń funfun sí i. Etí adágún kọ̀ọ̀kan ga ju ikùn rẹ̀ lọ, nítorí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni omi ń gba etí kọjá, gáàsì sì ń tètè kúrò níbẹ̀. Adágún fúnra rẹ̀ ló ń mọ ògiri ara rẹ̀.

Àwọn ará Hierapolis, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè náà, mọ àṣírí yìí. Vitruvius, ọ̀mọ̀ràn ilé kíkọ́ ní Róòmù, kọ ọ́ pé wọ́n ń darí omi yí ọgbà wọn ká, tí ọdún bá sì yípo, omi ti di ògiri. Ní itẹ́ òkú wọn, a rí ibojì tí òkúta omi ti gbé mì dé ìdajì.

Gáàsì kan náà ló ń pani ní Ploutonion, ihò kan ní Hierapolis tí wọ́n kà sí ẹnu ọ̀nà ọ̀run àwọn òkú. Strabo, òǹkọ̀wé àtijọ́, ju àwọn ológoṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n kú lójú ẹsẹ̀. Ní 2013 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ará Ítálì kéde pé àwọn ti rí ojú ibẹ̀. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀gbọ̀kú sí. Láyé àtijọ́, ẹran ìrúbọ tó dorí kodò á kú, àlùfáà tó mú un wá, tó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á yè.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a rí ọ̀pọ̀ adágún gbígbẹ. Nígbà kan, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ sórí òkè ń fa omi yìí fún ara wọn. Lẹ́yìn tí UNESCO fi ibẹ̀ sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1988 ni wọ́n wó wọn. Ní báyìí, wọ́n ń pín omi ní yípo-yípo: wọ́n á dá a sí apá kan, wọ́n á jẹ́ kí oòrùn sá apá kejì, kí ewédò má bàa sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fẹ́ rí adágún tó kún, kó béèrè lẹ́nu ọ̀nà ibi tí omi wà lọ́jọ́ náà.