Ààrá Kì í Yẹ Àpò Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọ̀rọ̀ ààrá ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 12, ilé kéwú kan ní abúlé lẹ́bàá Ìwó ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la jọ ń jókòó lórí ẹní kan náà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, à ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá nígbà tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìlà oòrùn. Atẹ́gùn tútù kan kọ́kọ́ fẹ́, ó gbé eruku àti ewé gbígbẹ sókè, ó sì ṣí páànù ilé ìdáná ìyá arúgbó kan. Kí a tó ṣẹ́jú, òjò ti dé. Àwa kan sáré wọ ilé kéwú. Ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ mìíràn sá sábẹ́ igi máńgòrò tó dá dúró létí pápá. Mànàmáná kọ, ààrá sán. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ kejì ń mí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti lọ.

Ìbànújẹ́ yẹn nìkan ti tó ìyá rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ṣàngó kì í pa ẹni tí kò jalè. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, bí ààrá bá pa ènìyàn, àwọn olórìṣà ló ń gba òkú rẹ̀, wọn a sì bu owó ètùtù lé ẹbí rẹ̀ lórí. Áfáà wa kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ọmọ náà, tó sì kírun sí i lára. Síbẹ̀, ẹnu ayé kò dákẹ́. Bí ìyá náà bá dé ọjà, wọn a máa nawọ́ sí i. Kò pé ọdún kan tó fi kó kúrò lábúlé. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi tí mo mọ̀ pé ọmọ náà kò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn rí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ó ṣe ohun kan tí n kò mọ̀.

Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ojú mi là. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú èdè wa: iná mànàmáná là ń pe iná tó ń tan gílóòbù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Láti ọdún 1752 ni wọ́n ti ṣe ìdánwò ní ilẹ̀ Faransé tó fi hàn pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, ooru á gbé atẹ́gùn tó lómi nínú lọ sókè, ìkùukùu á sì ga tó kìlómítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín wà lókè lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ti ń gbá ara wọn ni iná ń kó jọ sínú ìkùukùu náà. Bó bá pọ̀ jù, á fò wá sílẹ̀, ohun tó ga tó sì dá dúró ló sì sábà máa ń bá: igi, ọ̀pẹ, òpó, tàbí ènìyàn láàárín pápá. Láti ara igi, ó lè fò mọ́ ẹni tó wà nítòsí, ó sì lè gba inú ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi dúró sí ló pa á, kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Atẹ́gùn tútù tó ṣáájú òjò náà ní ìdí. Òjò líle máa ń fa atẹ́gùn tútù wálẹ̀ láti òkè. Bó bá kan ilẹ̀, á tàn ká níwájú òjò. Ìránṣẹ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn ni ìjì ńlá sábà máa ń gbà, òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sì máa ń ní ààrá ju ti oṣù keje lọ.

Àwọn kan ní òpùrọ́ ni àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ lórí rédíò. Iléeṣẹ́ NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ní ààrá lè sán ní àwọn ibì kan, ẹ má gbàgbé pé ìjì kan lè má fẹ̀ ju kìlómítà díẹ̀ lọ. Òjò lè pa ará Ìwó kí ẹsẹ̀ ará Ẹdẹ má tutù. Àwọn mìíràn ní ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti Ọlọ́run nìkan ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó rí i pé òjò ṣú tó sì kó ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ wọlé, ṣé ó pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run ni? Àmì ló kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ààrá yóò fi dún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá pé 30, ewu ti dé. Ẹ wọ inú ilé tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin. Ẹ má sá sábẹ́ igi. Ẹ dúró di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo wá ìyá ọ̀rẹ́ mi rí ní Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, èmi mọ̀ pé ọmọ mi kò jalè. Ṣé o lè bá mi sọ ọ́ fún wọn?”

Mo ti sọ ọ́ o. Kí Ọlọ́run kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, kí Ó sì dáàbò bo gbogbo wa. Àmín.